Àwọn ọmọ wa kò ya ọ̀lẹ, àyè eré ni wọn ò rí: àlàyé lórí eré ìdárayá ọmọdé l'Abẹ́òkúta

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ayẹyẹ eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, ẹlẹ́ẹ̀kejìlélógún irú rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Gateway Games. Àwọn eléré ìdárayá láti ìpínlẹ̀ gbogbo rọ́ wọ Abẹ́òkúta. Wọ́n tún pápá MKO Abíọ́lá tó wà ní Kútọ̀ ṣe, ojú pópó kún, ìlú dùn. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, torí pé ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 2006. Ìlú tó gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ogún ọdún yẹ kó jẹ́ ìlú tí ọmọdé ti ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú àdúgbò lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ dé Ọbáńtokò, ẹ dé Aṣerò, ẹ dé Oníkólóbó. Géètì wà ní títì. Ọmọ tó wà nínú ilé wà nídìí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ìyá rẹ̀, èyí tí kò sí nílé wà ní lẹ́sìn. Èyí tí ẹ bá sì rí níta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé igbá ọjà ló wà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ráhùn pé ọmọ ayé ìsinsìnyí ya ọ̀lẹ, pé kò sóhun tí wọ́n mọ̀ ju fóònù lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fún, tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ níta, yóò sáré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Àwa àgbà la kọ́lé sórí ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, àwa la fi lẹ́sìn dí àkókò tí wọ́n fi ń ṣeré, àwa náà la tún ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í ṣeré. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe eré ìdárayá déédéé, ọ̀rọ̀ ìyànjú nìkan kò tó. Ibi tí wọn yóò ti ṣe é, ìgbà tí wọn yóò ṣe é àti ẹni tí wọn yóò bá ṣe é, a gbọ́dọ̀ dá a padà fún wọn.

Wákàtí kan lójúmọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2020. Wọ́n ní kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, bí a bá pín gbogbo ọ̀sẹ̀ dọ́gba. Irú iṣẹ́ ara tí wọ́n ń sọ ni èyí tó ń mú kí èémí ọmọ yára, kí ọkàn rẹ̀ máa lù kì-kì-kì, kí òógùn sì yọ. Wọ́n tún ní kí ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yóò ṣe ohun tó ń fún iṣan àti eegun lágbára: kó fò, kó gun nǹkan, kó fa okùn, kó jàkadì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré tí ọmọ yín ń ṣe tó, ẹ ní kó bá yín sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Bó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, eré náà ti tó. Bó bá jẹ́ pé ó ní láti mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí gbólóhùn kan, eré náà ti le dáadáa nìyẹn. Kò sì pọn dandan kí ìṣẹ́jú 60 náà wà lójú kan. Ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé kíákíá fún ìṣẹ́jú 15, tó gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 20 nígbà ìsinmi ọ̀sán, tó tún ta okùn fò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25 nírọ̀lẹ́, tirẹ̀ ti pé.

Ìlànà ti àwọn tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún yàtọ̀ síyẹn, ọdún 2019 ni wọ́n sì gbé e jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin yẹ kó máa lọ, kó máa bọ̀, kó máa fò sókè, fún wákàtí mẹ́ta lápapọ̀ lójúmọ́, kí wákàtí kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń mú kó mí gúle-gúle. Ní ti tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èyí tí kò tí ì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ wò ó rárá. Ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì rìn náà ní tirẹ̀: kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 lápapọ̀ lójúmọ́ nígbà tí kò bá sùn, kó lè máa gbórí sókè, kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó pọn ọmọ sẹ́yìn látàárọ̀, lè tẹ́ ẹní kékeré sínú ìsọ̀, kó gbé ọmọ sọ̀, kó sì máa ṣọ́ ọ. Kò náwó, kò dí ọjà lọ́wọ́.

Báwo làwọn ọmọ ayé ṣe ń ṣe sí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìwádìí kan jáde ní ìparí ọdún 2019 tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù 1.6 láti orílẹ̀-èdè 146 pọ̀. Ó fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 11 sí 17, àwọn 81 ni kò dé ìwọ̀n tí WHO là sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, 85 ni. Ẹ jẹ́ kí iye tó kẹ́yìn yìí wà lọ́kàn yín, torí a ó padà sórí ẹ̀.

Ohun tí ara ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò ni ọ̀rọ̀ sísanra. Òótọ́ ni pé ó ti di ọ̀rọ̀ ńlá. WHO ní lọ́dún 2022, àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 5 sí 19 tí wọ́n sanra ju bó ṣe yẹ lọ lágbàáyé jẹ́ mílíọ̀nù 390, mílíọ̀nù 160 nínú wọn ló sì sanra dé ibi tó ti di àìsàn. Lọ́dún 2025, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ iléèwé tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ti pọ̀ ju àwọn tó rù lọ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ agbègbè tiwa, gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, sílẹ̀, torí pé lọ́dọ̀ wa, rírù ṣì pọ̀ ju sísanra lọ. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó jáde fún ọdún 2023 sí 2024 ní nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, nǹkan bí 40 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn, nítorí àìjẹunre-kánú.

Nítorí náà, ní àdúgbò kan ṣoṣo l'Abẹ́òkúta, ẹ lè rí ọmọ tí bisikíìtì, nuudu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti wú, kí ẹ sì rí èkejì tí kò jẹun kánú ní ilé kẹta sí i. Àwọn méjèèjì ló nílò eré. Èyí tó rù náà ní eegun àti iṣan tó yẹ kó le, kìkì pé oúnjẹ ni kí a kọ́kọ́ fún un. Kò sí ẹni tó yẹ kó máa lé ọmọ tí ebi ń pa yí pápá ká.

Ọ̀rọ̀ eegun yìí gan-an ló yẹ kó gba òbí lọ́kàn jù. Nígbà tí obìnrin bá máa fi pé ọmọ ọdún 18, tí ọkùnrin bá máa fi pé 20, ara ti kó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún eegun tó máa ní láyé jọ. Fífò, sísáré, kí ẹsẹ̀ máa gbá ilẹ̀, ìyẹn ló ń sọ fún eegun pé kó ki sí i. Ọmọ tó jókòó títí ó fi dàgbà ti pàdánù àkókò tí kò ní padà wá, ìgbà tó bá sì di ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ni yóò hàn.

Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra fúnra rẹ̀, ara kò sì ní ṣe wàhálà púpọ̀ láti kápá ohun tí ọmọ jẹ. Ọkàn tó bá ti mọ́ iṣẹ́ lára láti kékeré kì í tètè rẹ̀. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: gbogbo wa la mọ ilé tí bàbá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti bí ọmọ ogójì ọdún.

Ti ojú ni kì í sábà dé etí àwọn òbí. Ní ìlú Guangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn olùwádìí mú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 eré ìta kún ọjọ́ iléèwé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní apá kan, wọ́n sì jẹ́ kí apá kejì máa bá tiwọn lọ bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú apá tí kò ní àfikún eré, nǹkan bí ọmọ 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́. Nínú apá tó ń jáde síta, nǹkan bí 30 ni. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló dáàbò bo ojú wọn níbẹ̀, kì í ṣe sísáré. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ṣeré nínú yàrá nìkan kò rí èrè yìí gbà. Àfi kó jáde síta.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ohun tí àwọn olùkọ́ tó fura ti mọ̀ tipẹ́ ni pé kíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá dé máa ń fetí sílẹ̀ ju kíláàsì tó ti jókòó láti aago mẹ́jọ lọ. Ìwádìí gbè wọ́n lẹ́yìn: eré ń ran ìfọkànsí àti ìrántí ọmọ lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kó sùn dáadáa lóru, ó sì ń dín ìrònú àti ìbẹ̀rù kù. Òbí tó gba àkókò eré láti fi kún àkókò ìwé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ohun tó ń wá kù.

Bí àyè eré ṣe lọ

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ló dá àdúgbò tirẹ̀ sílẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojúde. Ojúde yẹn ni ọmọdé ti ń ṣeré lálẹ́ òṣùpá, ojú ìyá àgbà sì wà lára wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ẹkùn mẹ́ran gba àyè: àwọn ọmọ á di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ẹran ká, ẹkùn á máa wá ibi tí yóò já wọlé, orin á máa lọ, gbogbo agbo á máa dáhùn pé "mẹ́ẹ̀". Bí ẹkùn bá já wọlé, eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bojú-bojú gba àyè. Gídígbò gba ilẹ̀ rírọ̀. Lónìí, plọ́ọ̀tì kan ni ilé kan, fẹ́ǹsì dé etí ààlà, sìmẹ́ńtì ló sì wà nínú ọgbà láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, torí ọkọ̀. Ilẹ̀ tó ṣófo ní ìgboro kò ju ojú àpáta lọ mọ́.

Iléèwé ni ó yẹ kó rọ́pò ojúde. Àwọn iléèwé àtijọ́ ìlú yìí ní pápá. Abẹ́òkúta Grammar School ti ọdún 1908, Baptist Boys' High School ti ọdún 1923, àwọn tó dá wọn sílẹ̀ mọ̀ pé iléèwé tí kò ní pápá kò tí ì pé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni tí àwọn ọmọ wa ń lọ báyìí, ilé gbígbé ni wọ́n sọ di kíláàsì. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, igba ọmọ á tú sórí sìmẹ́ńtì tí kò tó ibi tí ọkọ̀ mẹ́fà lè dúró sí, ẹni tó bá sì sáré á kọlu ẹlòmíràn, olùkọ́ á pariwo pé kí wọ́n jókòó. Ọmọ náà á wá mọ̀ pé sísáré ni ẹ̀ṣẹ̀.

Íńtà-háòsì ni gbogbo wa fi ń tan ara wa. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á ra aṣọ aláwọ̀, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan, wọ́n á ta kánópì, àwọn òbí á wá. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ọmọ tó mọ eré sá, tí gbogbo kíláàsì ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá, ni yóò tún sáré. Àwọn tó kù, tí àwọn gan-an nílò eré jù, á jókòó lábẹ́ kánópì, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ràn íńtà-háòsì, mi ò ní kí wọ́n pa á tì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lọ́dún fún àwọn tó yára jù kọ́ ni ọmọ nílò, ìṣẹ́jú mélòó kan lójoojúmọ́ fún ọmọ gbogbo ni.

Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí iléèwé ń kọ́ ọmọ, tún ṣe ní nǹkan bí ọdún 2012, wọ́n pa eré ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó di ẹ̀ka kékeré kan lára iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí olùkọ́ kan bá ní ẹ̀ka mẹ́rin láti kọ́ lábẹ́ orúkọ kan, èyí tó gba kí ó kó ọmọ jáde sínú oòrùn ló kọ́kọ́ ń fò. Ètò tuntun tí wọ́n kéde lọ́dún 2025 ti dá eré ìdárayá àti ìlera padà sí àyè ara rẹ̀ fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára nìyẹn. Ẹ̀yin òbí lẹ máa mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín ní ọjọ́ Ẹtì pé ìgbà mélòó ni wọ́n kó wọn jáde lọ́sẹ̀ yìí, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n lò, kì í ṣe pé wọ́n kọ "ìtumọ̀ eré ìdárayá" sínú ìwé.

Lẹ́sìn wá ń bẹ. Ọmọ ọdún méje tó ti wà níléèwé láti aago méje ààbọ̀, tí ẹ tún fi sí lẹ́sìn títí di aago márùn-ún ààbọ̀, tó bá délé tó jẹun, tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù. Èrò tèmi ni pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò nílò lẹ́sìn ojoojúmọ́. Bó bá di dandan, kó jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí iléèwé parí sì jẹ́ ti bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀rù tó ń mú kí òbí ti ọmọ mọ́lé náà kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀kadà àti Márúwá ń já wọ inú àdúgbò láìdínwọ́, ìròyìn ajọ́mọgbé ń dáyà jáni. Òbí tó ti géètì kò burú. Àbí ta ni yóò fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ dán an wò?

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà ní Láfẹ́ńwá àti Pańṣẹ́kẹ́. Ẹnì kan lè ní àwọn yẹn ń rìn tó. Wọ́n ń rìn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹrù tó wúwo lórí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tí ì le, láàárín ọkọ̀, nínú oòrùn, láìsí ẹgbẹ́ tó ń bá a rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó kiri tán náà ní ẹ̀tọ́ sí eré.

Ohun kan tún wà tó ń ṣẹlẹ̀ níléèwé, tí mo fẹ́ kó dópin. Ọmọ pẹ́ dé, wọ́n ní kó sáré yí kíláàsì ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ pariwo, wọ́n ní kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ibí dé ọ̀hún, tàbí kó dúró ní "píkì píìnì" títí ìtan rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bá fi eré ìdárayá jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó bá di ọmọ ogún ọdún? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Àwọn ọmọbìnrin

Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ á yí padà fún ọmọbìnrin. Arákùnrin rẹ̀ á dé láti iléèwé, á bọ́ yúnifọ́ọ̀mù, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òun á wọ ilé ìdáná. Bó bá ní òun fẹ́ sáré, wọ́n á ní, "Ṣé ọkùnrin ni ẹ́ ni?" Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ìtìjú á tún kún un, pàápàá níléèwé tí kò ní ilé ìyàgbẹ́ tó ṣeé lò. Iye 85 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lókè yẹn, ibí ló ti ń wá.

Ẹ wo tẹ́ń-tẹ́ń bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń ta á. Àwọn méjì kọjú síra, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò tẹ̀lé ìlù orin, bí orin bá sì já, kálukú ju ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan náà ló jẹ, tàbí ẹni tó ní ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀, bí wọ́n bá ṣe ṣàdéhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, òógùn ti dé àgbọ̀n. Gbogbo ohun tí WHO ń béèrè wà nínú rẹ̀: èémí yára, eegun ẹsẹ̀ ń gba ìfò. Ojú àti ọkàn náà ń ronú. Kò gba ju ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí, kò gba owó kankan. Súwè náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹfun tàbí èédú tí wọ́n fi fa ilẹ̀ ti tó. Ìyá tó mọ̀ ọ́n ta nígbà tó wà lọ́mọdé lè dìde kó bá ọmọ rẹ̀ ta á.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni Falilat Ogunkoya, tó gba bàbà nínú eré oní-mítà 400 ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 49.10, tó sì tún wà nínú àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà nínú eré ọ̀pá oní-mítà 400 lọ́nà mẹ́rin. Ká ní wọ́n ti pe òun náà wọlé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin ni yóò dé Òlíńpíìkì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní eegun. Híjáàbù kò dí eré lọ́wọ́, ṣòkòtò gígùn kò dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ ilé tí a kò pín dọ́gba ló ń dí i.

Ibi tí a lè gbà wọ̀ ọ́

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni kí òbí bá ọmọ ṣe é. Ọmọ kì í tẹ̀lé àṣẹ "lọ ṣeré" láti ẹnu ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí àga. Ẹ bá a rìn. Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹ kó wọn gun Olúmọ. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Àtẹ̀gùn ni kí ẹ̀yin àti ọmọ gbà, kí ẹ dúró mí nínú ihò tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí, kí ẹ sọ ìtàn náà fún wọn, kí ẹ tó tún máa gùn lọ. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta ga, ó sì lọ sílẹ̀, ojú ọ̀nà wa fúnra rẹ̀ jẹ́ eré ìdárayá. Ọmọ tí iléèwé rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kí ẹni tó ti dàgbà sin in fẹsẹ̀ rìn lọ, dípò kí ó gun ọ̀kadà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn.

Èkejì, àdúgbò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú kan kò sì tó ṣọ́ ọmọ ogún. Ẹgbẹ́ onílé tó lè gbé ọ̀pá dí òpópónà lóru nítorí olè lè gbé e dí i láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nítorí ọmọ. Kí àwọn òbí méjì máa gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kí ọmọ mú mọ́ńkì pósì síta, kí wọ́n gbá sẹ́ẹ̀tì, kí àwọn kékeré yí táyà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa ńkọ́, tó fẹ̀ tó sì ní fẹ́ǹsì, tó ń ṣófo lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀? Ìmáàmù tàbí olùṣọ́àgùntàn tó bá ṣí géètì fún ọmọdé ní wákàtí méjì ti ṣe iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn kò lè ṣe.

Oòrùn wa mú, pàápàá ní oṣù Kejì àti Ìkẹta. Àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ló dára, kí omi sì wà nítòsí, omi lásán. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í pa òùngbẹ, ṣúgà inú rẹ̀ sì ń gba èrè eré náà lọ́wọ́ ọmọ. Odò Ògùn kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ láìsí àgbà tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù rẹ̀ sì tún pọ̀ jù nígbà òjò, nígbà tí omi ìdídò Ọ̀yán bá ń wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ tó ní àìsàn ńkọ́? Ibí ni òbí ti ń ṣe àṣejù, ìfẹ́ ló sì ń fà á. Ọmọ tó ní ikọ́ fée lè ṣeré bí dókítà bá ti ṣètò oògùn rẹ̀, kí ínhélà rẹ̀ wà lápò olùkọ́, kó sì fi ìrìn bẹ̀rẹ̀ kó tó sáré. Ní ti fòníkú-fọ̀la-dìde, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ tó ní in jù láyé, nǹkan bí 150,000 lọ́dún, kò sì sí iléèwé tí kò lè ní ọ̀kan. Kò yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sá eré àṣekúdórógbó, kò sì yẹ kí wọ́n fi jókòó títí ayé. Kó máa mu omi léraléra, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kó má ṣe jẹ́ kí òjò pa á tàbí kí òtútù mú un, kí dókítà rẹ̀ sì sọ ìwọ̀n tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ yòówù tó bá dákú lẹ́nu eré, tàbí tó ní àyà ń dun òun bí òun ṣe ń sáré, ẹ dá eré dúró, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kó tó padà sórí pápá.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pín ilẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ń gé plọ́ọ̀tì tuntun lẹ́yìn Ọbáńtokò, ní ìhà Odẹ́dá, wọ́n ń rì òkúta ààlà mọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ "ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sára ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ onílé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sípàdé, ẹ ṣì lè béèrè lọ́wọ́ ẹbí tó tà á àti ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n yọ plọ́ọ̀tì méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀, kí fẹ́ǹsì tó dé ibẹ̀.